Òkúta Tó Dúró Lórí Ìlà: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Iṣẹ́ Ìrànwọ́ Nílẹ̀ Òkèèrè

Láti ìgbà tí mo ti sọ lójú ewé yìí pé ọdún méjìlá ni mo fi ṣe iṣẹ́ omi àti ìmọ́tótó láàárín àwọn ogúnléndé, ní Gúúsù Sudan àti ní Bangladesh, kí n tó padà sílé sí Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ́tà kò dáwọ́ dúró. Mẹ́fà ni mo mú lóṣù yìí. Mo ti gé wọn kúrú, mo sì ti yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé wà nínú àwọn mìíràn.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, mo sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Ó wù mí kí n lọ tọ́jú àwọn tí ogun lé kúrò nílé, ṣùgbọ́n àwòrán tí mo ń rí lórí fóònù kò sọ fún mi bí ọjọ́ kan ṣe ń rí láti àárọ̀ títí di alẹ́. Kí ni ẹ máa ń ṣe gan-an?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, kíkà, wíwọ̀n, kíkọ sílẹ̀ àti bíbéèrè ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Agogo márùn-ún ìdájí ni mo máa ń jí, kí oòrùn tó mú, ibi omi ni mo sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Omi odò tí a fà sínú táńkì máa ń rí bí omi ẹrẹ̀. A ó da álọ́ọ̀mù sí i kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ lè rọ̀ sísàlẹ̀, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe sí omi kànga, lẹ́yìn náà ni a ó wá fi chlorine pa àwọn kòkòrò tí ojú kò rí. Nígbà tó bá tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, n ó bu díẹ̀ nínú omi náà sínú ìgò kékeré kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, n ó ju hóró oògùn kan sí i, n ó sì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, chlorine ṣì kù nínú omi náà tí yóò máa ṣọ́ ọ títí dé inú kẹ́ẹ̀gì, títí dé inú ìkòkò. Bí ó bá mọ́ gaara bí mo ṣe bù ú, a kò gbọdọ̀ ṣí ẹ̀rọ fún ẹnikẹ́ni. Lásìkò àrùn onígbáméjì, mo ti gbé ìgò yẹn sókè nígbà ogún lóòjọ́ rí.

Ìlànà kan wà tí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ káàkiri àgbáyé fẹnu kò lé lórí, Sphere ni wọ́n ń pè é. Ó ní ó kéré tán, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan rí lítà omi 15 lóòjọ́. Kí ènìyàn tó ń lo ẹnu ẹ̀rọ kan má ju 250 lọ. Kí ibi omi má jìnnà sí ilé ju 500 mítà lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì dúró lórí ìlà ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Ènìyàn 20 ni ó pọ̀ jù fún ṣáláńgá kan, ti obìnrin gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti ọkùnrin, kí ó sì ṣeé tì láti inú. Mo ti jókòó ti ẹ̀rọ omi pẹ̀lú aago lọ́wọ́: níbi tí omi bá ti ń dà dáadáa, kẹ́ẹ̀gì lítà 20 kì í kún kó tó tó ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Bí ogójì obìnrin tó gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta mẹ́ta lọ́wọ́ bá wà níwájú rẹ, ó ti lé ní wákàtí márùn-ún kí ó tó kàn ọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ka ènìyàn, tí a fi ń ka ẹnu ẹ̀rọ, tí a sì ń tún un kà.

Ṣùgbọ́n kíkà nìkan kò tó, ọ̀nà tí mo sì gbà mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò dùn mọ́ mi. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi ní Gúúsù Sudan, mo dé ibi ẹ̀rọ omi kan kí ilẹ̀ tó mọ́, mo bá òkúta, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo àti kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí wọ́n tò lọ gbọọrọ láti ẹnu ẹ̀rọ títí dé etí ọ̀nà, kò sì sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo ní kí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kó gbogbo rẹ̀ jọ sápá kan, kí a lè to ìlà tó gún régé fún àwọn tó ń bọ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin dé, kò sí ẹni tó pariwo nínú wọn. Wọ́n kàn dúró, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan ló tọ̀ mí wá, ó na ọwọ́ sí òkúta kan nínú òkìtì tí a kó jọ, ó sì sọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ mi dákẹ́ díẹ̀ kó tó túmọ̀ rẹ̀: “Ó ní òkúta yẹn, òun ni.” Láti nǹkan bí agogo mẹ́ta òru ló ti wá gbé e kalẹ̀, kó tó padà lọ jókòó ti ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Oníkálukú wọn ló mọ òkúta tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó jẹ́ fi tirẹ̀ ṣíwájú ti ẹlòmíràn.

Ojú tì mí gidigidi. Èmi tí mo dàgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí màmá mi máa ń rán lóru pé kí n lọ gbé kẹ́ẹ̀gì wa sídìí ẹ̀rọ àdúgbò kí n tó padà wá sùn, èmi ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ mọ ohun tí òkúta ń ṣe lórí ìlà. Mo bẹ̀ wọ́n. Àwọn fúnra wọn ló tún ìlà náà tò, láìjà, nítorí pé wọ́n rántí ẹni tó ṣíwájú ẹni. Lẹ́yìn ìyẹn ni a tó wá bi wọ́n ní ohun tó yẹ kí a ti bi wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì sọ fún wa pé kí a máa ṣí ẹ̀rọ ní agogo mẹ́rin ìdájí, kí àwọn tó ń lọ ṣẹ́ igi ìdáná lọ́nà jíjìn lè tètè pọnmi. Wọ́n yan obìnrin márùn-ún tí yóò máa bójú tó o. Láti ọjọ́ náà ni ìjà ti dínkù níbẹ̀, ìlànà tó wà nínú ìwé mi kò sì yí padà rárá.

Nínú iṣẹ́ tìrẹ, téèpù tí a fi ń wọn apá ọmọdé ni wàá máa mú dání. Ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún tí apá rẹ̀ kò bá tó mìlímítà 115, ebi ti wọ̀ ọ́ lára dé ibi tó lè pa á, a ó sì tètè bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oúnjẹ ẹ̀pà tí wọ́n pò mọ́ wàrà, ṣúgà àti òróró, èyí tí a ń fà mu láti inú ọ̀rá rẹ̀. Ọ̀rá kan jẹ́ gíráàmù 92, agbára tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ kálórì 500. Má ṣe fi téèpù náà yí apá ọmọ ká kí o tó bi ìyá rẹ̀ ní orúkọ ọmọ. Ìyá náà ní ilé, ó ní oko, ó ṣeé ṣe kó ní ìsọ̀ lọ́jà ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Kì í ṣe alágbe tó wá nawọ́ sí ọ.

Ní alẹ́, a ó kọ ohun tí a ṣe sílẹ̀, a ó sì dáhùn lórí wọkitọ́kì lọ́kọ̀ọ̀kan pé a ti wà nínú ọgbà, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà níta lẹ́yìn aago tí a dá. Lásìkò òjò ní Gúúsù Sudan, ilẹ̀ dúdú ibẹ̀ máa ń di àtẹ̀rì, ọkọ̀ kò ní lè lọ, bàálù kékeré kò sì ní lè balẹ̀, a lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Irú àsìkò yẹn ni mo máa ń ṣí gààrí Ìjẹ̀bú tí mo dì lọ láti ilé. Bí mo bá ti da omi sí i, tí mo gbọ́ òórùn kíkan rẹ̀ yẹn, ara mi á rọ̀.

Ìbéèrè: Obì ni mo ń tà ní Ṣágámù. Ọmọbìnrin mi tó jẹ́ dókítà ti gba iṣẹ́ ní Gúúsù Sudan, ìyá rẹ̀ kò sì jẹun dáadáa mọ́ láti ìgbà tó ti gbọ́. Ṣé kí n fọwọ́ sí i, àbí kí n kọ̀ fún un?

Ìdáhùn: Bàbá, n kò ní í parọ́ fún yín pé kò séwu. Ní ọjọ́ 19, oṣù kẹjọ, ọdún 2003, bọ́ǹbù pa ènìyàn 22 ní ọ́fíìsì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Baghdad, ọjọ́ yẹn ni gbogbo ayé sì fi ń rántí àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ lọ́dọọdún. Àjọ náà kéde pé òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ 383 ni wọ́n pa ní ọdún 2024. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé ọmọ onílẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kú, awakọ̀, olùṣọ́, nọ́ọ̀sì tí ilé rẹ̀ kò jìnnà síbi iṣẹ́, àwọn tí kò sí bàálù tí yóò wá gbé wọn lọ sí ìlú mìíràn bí ìjà bá dé.

Kì í ṣe ìbọn ni ọmọ yín yóò gbójú lé. Láti ìgbà tí Henry Dunant, ọmọ Switzerland kan, ti rí àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun tí wọ́n sùn sílẹ̀ láìsí olùtọ́jú ní Solferino, ní Italy, ní ọdún 1859, tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Red Cross sílẹ̀ ní 1863, ni òfin iṣẹ́ yìí ti jẹ́ pé a kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni tó ń jà, ẹni tó bá fara pa ni a ń tọ́jú. A kì í gbé ọmọ ogun sínú ọkọ̀ wa, ìbọn kì í sì wọ ilé ìwòsàn wa. Bí àwọn ará ibẹ̀ bá ti mọ̀ wá bẹ́ẹ̀, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí wa pé kí a má gba ọ̀nà báyìí lónìí.

Ẹ má kọ̀ fún un kí ẹ tó bi í ní ìbéèrè wọ̀nyí. Ta ni ó ń bójú tó ètò ààbò níbi tó ń lọ, ṣé ó sì ti bá ẹni náà sọ̀rọ̀? Kí ni ìwé àdéhùn rẹ̀ sọ nípa gbígbé e jáde bí ìjà tàbí àìsàn bá dé? Ṣé àjọ náà ti gba orúkọ yín àti nọ́ńbà yín sílẹ̀? Ìsinmi mélòó ni yóò máa gbà? Ní irú ibẹ̀, ó yẹ kó máa jáde sinmi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Bí kò bá rí èsì fún un, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kó dúró ná. Bí ó bá rí èsì, ẹ súre fún un, kí ẹ sì jọ dá ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí yóò máa pè. Ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ fún ọjọ́ mẹ́ta láìsí pé nǹkankan ṣẹlẹ̀. Màmá tèmi kò mọ̀, ó sì gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta náà.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àgọ́-Ìwòyè. Ṣé owó wà nídìí iṣẹ́ yìí?

Ìdáhùn: Ó wà níbi kan, kò sí níbi kan. Àwọn àjọ tó tóbi ń sanwó dáadáa fún àwọn tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ kékeré lè máà gbà ju owó ìnáwó lọ, yàtọ̀ sí oúnjẹ àti ibùgbé. Àdéhùn oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan ló wọ́pọ̀, bó bá sì ti parí, owó oṣù parí títí ìwọ yóò fi rí òmíràn.

Ìbéèrè: Àǹtí, kànga ẹ̀rọ ni mo ń gbẹ́, mo sì ń tún ẹ̀rọ tó ń fa omi rẹ̀ ṣe, ní Ìpẹru-Rẹ́mọ. N kò ní ìwé yunifásítì. Ọkùnrin kan ní òun yóò bá mi wá iṣẹ́ ìrànwọ́ nílẹ̀ òkèèrè bí mo bá san ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ náírà fún fọ́ọ̀mù àti físà. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má san kọ́bọ̀. Kò sí àjọ ìrànwọ́ gidi kan tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́, ì báà jẹ́ ti fọ́ọ̀mù, ti ìdánwò tàbí ti físà. Orí ìkànnì tiwọn ni wọ́n ń kéde iṣẹ́ sí. Bí o bá ti fún ọkùnrin náà ní ìwé ìrìnnà rẹ, lọ gbà á lónìí.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ níye lórí ju bí o ṣe rò lọ. Mo ti rí ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kò rí omi mu fún ọjọ́ méjì nítorí jẹnẹrétọ̀ kan tí kò ṣiṣẹ́, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó ní ìwé ẹ̀rí jókòó yí i ká, kí ọ̀dọ́kùnrin kan tó jẹ́ mẹkáníìkì ọ̀kadà tẹ́lẹ̀ tó wá tú u palẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Òfin ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni wọ́n fi dá ẹgbẹ́ Red Cross ti Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1960, ó sì ní ẹ̀ka ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Lọ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùyọ̀ǹda ara ẹni, kí o gba ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì. Lẹ́yìn náà, wá iṣẹ́ ní Borno, níbi tí àwọn àjọ àgbáyé pọ̀ sí nítorí ogun tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2009. Ẹni tó bá fi ọdún méjì tún ẹ̀rọ omi ṣe ní Maiduguri, tó sì lè kọ ohun tó ṣe sílẹ̀ kó yé ẹlòmíràn, kò nílò ẹni tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀ mọ́.

Kọ́ èdè Faransé pẹ̀lú. Chad, Niger, Mali, Kóńgò, gbogbo wọn ló ń wá ẹni tó mọ iṣẹ́ omi, ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́. Abúlé Èdè Faransé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní èdè náà, wà ní Bàdágìrì. Bí o bá fẹ́ ná ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ yẹn dandan, ibẹ̀ ni kí o ná an sí.

Ìbéèrè: Ọkọ mi ṣiṣẹ́ ní Adré, lẹ́bàá ààlà Chad àti Sudan. Ó ti pé oṣù márùn-ún tó ti padà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Kì í sọ̀rọ̀, kì í sùn dáadáa. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀ mú aṣọ fún Ojúde Ọba, ó ní òun kò ní í ra, ó ní owó aṣọ yẹn tó bọ́ ìdílé kan fún oṣù mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ ní kí n gbé e lọ sí Àrò, ojú sì ń tì mí.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú ìfaradà. Láti ìgbà tí ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan ní oṣù kẹrin ọdún 2023 ni àwọn ènìyàn ti ń rọ́ gba Adré kọjá, ọ̀pọ̀ nínú wọn pẹ̀lú ọgbẹ́ ìbọn, àwọn mìíràn pẹ̀lú ọmọ tí kì í ṣe tiwọn, tí wọ́n rí he lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá gba irú wọn wọlé lójoojúmọ́ kò lè fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú.

Nígbà tí mo padà dé láti Bangladesh, níbi tí àwọn Rohingya, ẹ̀yà tí wọ́n lé kúrò ní Myanmar, tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin ó dín ọgọ́rùn-ún ti sá wọlé láti oṣù kẹjọ ọdún 2017, wọ́n mú mi lọ sí ìnáwó kan ní àdúgbò wa. Mo rí ọmọ kan tó ń fi omi inú ọ̀rá fọ ẹsẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rá tó wà nílẹ̀. Mo ka 64 kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wá mú mi lọ́wọ́. Kò bá mi wí, kò sì bi mí léèrè ohunkóhun. Ó kàn jókòó tì mí. Irú ìjókòótì bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ fún ọkọ yín. Ẹ má fi ọ̀ranyàn mú un sọ̀rọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹbí pè é ní ahun.

Ní ti aṣọ náà, bí ó bá ku òun àti ẹ̀yin nìkan, ẹ bi í bóyá àwọn ará Adré kì í ṣègbéyàwó. Mo ti wà níbi ìgbéyàwó nínú àgọ́ ogúnléndé rí: aṣọ ìyàwó jẹ́ àyálò, ilé tapólì mẹ́fà ló dá ìrẹsì tí wọ́n sè, wọ́n sì jó títí aago ààbò fi lù. Àwọn tó pàdánù gbogbo nǹkan kò pàdánù ayẹyẹ wọn, kò sì sí ẹni tó bẹ̀ wá pé kí a lọ máa ṣọ̀fọ̀ nílé nítorí wọn. Bí kò bá tíì lè wọ aṣọ náà lọ́dún yìí, ẹ rà á, kí ẹ ká a pamọ́ fún un.

Ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún láìsùn pọ̀. Ìyá ọkọ yín kò ṣìnà, bí ẹnu tó fi sọ ọ́ tilẹ̀ dùn yín. Ní ọdún 1954 ni ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Àrò, ní Abẹ́òkúta, tó jẹ́ kí wọ́n máa gbé láàárín ará abúlé, kí ẹbí wọn sì wà lọ́dọ̀ wọn, gbogbo ayé ló sì wá kọ́ ọgbọ́n rẹ̀. Kì í ṣe àwọn tó já sí ìhòòhò nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí àjọ tí ọkọ yín bá ṣiṣẹ́ pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ló ń sanwó onímọ̀ tí yóò bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tó bá padà dé. Bí ẹ bá gbọ́ tó sọ pé ayé ti sú òun, ẹ má dúró de èsì lẹ́tà, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìbéèrè: Ìyá àgbà ni mí ní Òdogbolú. Mo ní àdìrẹ àti aṣọ púpọ̀ tí n kò wọ̀ mọ́. Báwo ni mo ṣe lè fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ogúnléndé nílẹ̀ òkèèrè?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ ṣeun. Owó tí ẹ óò fi gbé ẹrù náà kọjá òkun yóò ju iye aṣọ náà lọ, ó sì lè jókòó ní èbúté fún oṣù púpọ̀, tí yóò máa dí oògùn lọ́nà. Owó ló dára jù láti fi ránṣẹ́ sí òkèèrè, nítorí pé ọjà wà nítòsí ọ̀pọ̀ àgọ́, obìnrin tó bá sì gba owó yóò yan aṣọ tó wù ú.

Ṣùgbọ́n ẹ lè fún àwọn tó wà nítòsí. Ẹ ó rántí ogun abẹ́lé wa, láti 1967 sí 1970, nígbà tí bàálù ń kó pańla àti wàrà lọ sí Uli, nílẹ̀ Biafra, lóru. Nínú àwọn dókítà Faransé tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni àwọn kan wà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières, ìyẹn Àwọn Dókítà Tí Kò Mọ Ààlà, sílẹ̀ ní 1971. Ọmọ Nàìjíríà ló wà lórí ìlà nígbà náà, ọmọ Nàìjíríà ṣì wà lórí ìlà lónìí, ní Borno àti ní Benue. Ẹ ní kí ọmọ yín kan kọ́kọ́ béèrè ní ẹ̀ka Red Cross bóyá wọ́n ń gba aṣọ lásìkò yìí. Bí wọ́n bá ń gbà á, ẹ yọ èyí tó bá ti ya sọ́tọ̀. Ẹ fọ ìyókù, ẹ lọ̀ wọ́n, kí ẹ sì rán bọ́tìnnì tó bá ti já padà.